Ojú Kejì Àwo Orin

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń da iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe rò, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Orin ni mo fi gbogbo ayé mi tà. Nǹkan bí ogójì ọdún ni mo fi jókòó ti orin ní Òdòde Ìdànrè, láti ìgbà àwo títí dé ìgbà tí orin wọ inú fóònù lọ tí mo sì ti ìsọ̀ pa. Èmi fúnra mi kò mọ orin ín kọ o. Bí mo bá gbóhùn sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó wà níwájú mi á yíjú wo ẹ̀yìn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbọ́ orin, kí n sì mọ ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ni, ó sì ń rẹ èèyàn.

Ìtàn bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Mo ka ìwé mẹ́fà tán, owó kókó ọdún yẹn kò gbé mi dé girama. Ìyá mi ní gbogbo ọmọbìnrin àdúgbò ló ń kọ́ aṣọ rírán, ta ni yóò wá máa rán aṣọ fún ta ni? Ó mú mi lọ bá Ọ̀gá Akíndélé tó ń ta àwo orin, wọ́n ṣàdéhùn ọdún mẹ́rin, ó parí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Àwọn ológun ṣì wà lórí oyè nígbà náà, a sì ti ń gbọ́ pé wọ́n máa gbé ìjọba fún alágbádá.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ má bínú pé mò ń pe ọ̀gá mi ní "ó". Nínú ẹ̀ka èdè tiwa, ẹnìkan ni ẹnìkan ń jẹ́, bó ti wù kó dàgbà tó. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ lẹ sọ ẹnìkan di púpọ̀, àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ nílùú ńlá sì kọ́ ọ lọ́wọ́ yín. Kò dín ọ̀wọ̀ tí mo ní fún ọkùnrin yẹn kù.

Ó ga, ó gbẹ, ṣòkòtò kákí ló máa ń wọ̀ lójoojúmọ́. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwo, ó wà lára àwọn tó fi ẹ̀tù fọ́ àpáta nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà tó gba Owena. Ó máa ń pariwo sọ̀rọ̀, àní bí èèyàn bá dúró síwájú rẹ̀ gan-an. Mo rò pé ìgbéraga ni. Bí orin bá ń lọ, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí àpótí gbohùngbohùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á sì dijú. Mo rò pé bí a ti ń mọ ẹni tó fẹ́ràn orin nìyẹn, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ lé àpótí.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Omi àti aṣọ fẹ́lẹ́ ni Ọ̀gá kó fún mi, pé kí n máa nu àwo, kí n di etí rẹ̀ mú, kí àtàǹpàkò mi má kan ojú ìlà. Àwo kò gbọdọ̀ sùn, ìdúró ló ń wà. Kò sì gbọdọ̀ wà nítòsí ògiri ẹ̀yìn, torí ooru tó ń ti ara àpáta tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ wá lọ́sàn-án lè mú un kákò bí ewé. Ọjọ́ tí mo fi abẹ́rẹ́ ha àwo oníbàárà kan, kò lù mí. Ó ní kí n dúró de ẹni tó ni ín, kí n fi ibi tí mo ha hàn án, kí n sì sọ ọ̀rọ̀ wo nínú orin náà ni kò ní gbọ́ dáadáa mọ́. Ì bá sàn kó nà mí.

Èyí tó le jù ni ìbéèrè àárọ̀. Kí a tó ṣí ìsọ̀, á jókòó, á tẹjú mọ́ mi, á ní, "Kí lo gbọ́ lánàá, kí ló sì dára nínú rẹ̀?" Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní orin kan dùn.

"Àkàrà náà dùn," ó ní. "Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Ó ní kí n lọ tún un gbọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀, àárọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, títí mo fi ń bá orin jà lójú àlá. Ó tó oṣù márùn-ún kí n tó rí ìdáhùn kan tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwo àwọn onígìtá kan láti ìhà Ẹdó ni. Èdè wọn kò yé mi rárá, síbẹ̀ mo fẹ́ràn àwo yẹn ju oúnjẹ lọ. Mo sọ fún Ọ̀gá pé gìtá méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ń béèrè ọ̀rọ̀, èkejì kì í tètè dáhùn, ó máa ń kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀ bí ọkọ tí ìyàwó ń bi níbi tó ti ń bọ̀. Tó bá wá dáhùn, ìdáhùn náà á rọ̀ débi pé èèyàn á mọ̀ pé ìjà ti tán. Mo ní torí ìdákẹ́ díẹ̀ yẹn ni mo ṣe ń gbé abẹ́rẹ́ padà síbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, awakọ̀ kan tó ti bá ìyàwó rẹ̀ jà wọlé, Ọ̀gá sì sọ gbogbo ohun tí mo sọ láàárọ̀ fún awakọ̀ náà, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Awakọ̀ náà gbé àwo lọ sílé. Inú mi dùn débi pé mi ò bi ara mi léèrè ìdí tí Ọ̀gá kò fi sọ tirẹ̀.

Bó ṣe ń tajà nìyẹn. Kì í béèrè orin tí ẹ fẹ́. Ẹni tí ẹ fẹ́ bá gbọ́ ọ ló máa ń béèrè, á wá yọ àwo kan, á sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín bíi pé òun ló bí i. Àwọn èèyàn ń ti Aládé àti Àtòsìn wá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó létí orin bíi tirẹ̀ ní gbogbo Ìdànrè.

Lẹ́yìn ọdún méjì, mo bà á jẹ́.

Ìyá àgbà kan wà ní Aládé, Ìyá Ìjọ ni gbogbo èèyàn ń pè é, nínú ìjọ Aládùúrà kan. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, Ọlọ́run sì gbé e dìde. Ọmọ rẹ̀ Olú, tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Àkúrẹ́, fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ fún un. Ó bẹ Ọ̀gá pé kó gbé ẹ̀rọ wá, kó lu àwo tó bá ọjọ́ náà mu lẹ́yìn ìsìn. Páálí àwo tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìsọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀gá yọ ọ̀kan tí àwòrán akọrin aláṣọ funfun wà lára rẹ̀, ó nà án sí mi.

"Gbọ́ ọ fún mi," ó ní. "Ojú méjèèjì."

Mo gbọ́ ojú kìíní. Orin ìyìn ni, ó tutù, ó dára. Ó kù kí n yí i padà, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ti jáde, ìsọ̀ sì dá páropáro, àwọn onígìtá mi sì wà nítòsí. Mo gbé tiwọn sí i. Mo gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí Ọ̀gá dé tó bi mí nípa ojú kejì, mo ní orin ìdúpẹ́ ni. Mo ní ohùn àwọn obìnrin ló gbè é, pé wọ́n rọra ń dúpẹ́ bí ẹni tó rí ikú tó sì padà sílé, ìlù sì ń lọ́ra lábẹ́ wọn. Ẹ̀kọ́ tó fi ọdún méjì kọ́ mi ni mo fi parọ́ fún un. Ó mi orí, ó ní ohun tó yẹ Ìyá Ìjọ gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, a gbé ẹ̀rọ, gbohùngbohùn àti bátìrì mọ́tò lọ sí Aládé. Wọ́n ti ká ẹní kókó kúrò lójú àgbàlá. Gbogbo èèyàn wọ sùtánà funfun, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ ẹnì kankan. Ìyá Ìjọ jókòó láàárín wọn, ó rù, àmọ́ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, Ọ̀gá lu ojú kìíní, àwọn ìyá sì ń jó jẹ́jẹ́ lórí ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá jẹun lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin ilé. Ọ̀gá ní kí n máa lọ, òun á yí àwo padà fúnra òun.

Ìrẹsì ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo gbọ́ "ẹmu".

Orin ẹmu ni ojú kejì láti òkè délẹ̀. Akọrin ń ki ẹmu àárọ̀, ó ń ki tọ̀sán, ó wá kan wòlíì kan tó máa ń bú ẹmu nínú ìwàásù, tó sì gbé agbè kan pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ìjọ tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ọtí ni wọ́n ń lu èyí fún. Mo sáré dé àgbàlá. Kò sẹ́ni tó mira. Ọ̀gá dúró ti ẹ̀rọ, ọwọ́ kan lórí àpótí, ọwọ́ kejì lókè, ó dijú, ó ń mi orí bí ẹni tí ẹ̀mí bà lé. Ìlù orin náà lọ́ra, bí mo ṣe parọ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Olú rìn wá sẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á." Ọ̀gá ń mi orí lọ. Olú tún un sọ, ó pariwo rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀gá kò yíjú. Olú wá fọwọ́ kàn án léjìká. Ọ̀gá lajú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo wa, ó sì fi ohùn ńlá rẹ̀ yẹn sọ̀rọ̀.

"Ṣé ẹ rí i pé ó bá ọjọ́ mu?"

Ìgbà yẹn ló yé gbogbo àgbàlá, ó sì yé èmi náà. Obìnrin kan tó wà níwájú sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé adití ni bàbá yìí. Ètè obìnrin náà ni Ọ̀gá ń wò. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò ha á.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, gbogbo rẹ̀ ń tò nínú mi. Ẹ̀tù tí wọ́n fi fọ́ àpáta ti ba etí rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àpótí tó ń gbé ọwọ́ lé, ìlù ló ń wá níbẹ̀. Ojú tó ń tẹ̀ mọ́ mi láràárọ̀, ètè mi ló ń kà. Mo ti rò pé ó ń dán mi wò ni, mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti ń rí orin tirẹ̀ gbọ́, kò sì sí ibòmíràn tó ti lè rí i. Ojú tì mí. Síbẹ̀, nígbà tó bi mí pé kí ló wà lójú kejì yẹn, mo ní ó ní láti jẹ́ pé àwọn tó tẹ àwo ló ṣi nǹkan pọ̀. Ẹ rí i pé irọ́ kan kì í dá rìn.

Kó tó di ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ ti kárí Òdòde pé adití ló ń ta orin fún wa láti ọjọ́ yìí. Àwọn kan ní ó ti ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá kò ṣí ìsọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó dá mi lẹ́bi. Bí mo bá pa ẹnu mọ́, etí Ọ̀gá ni yóò jẹ gbogbo ẹ̀bi, orúkọ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ yóò sì bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnu tèmi ló ba nǹkan jẹ́, kì í ṣe etí rẹ̀. Mi ò lè jẹun. Lọ́jọ́ kẹta, mo gba ilé rẹ̀ lọ.

Mo kúnlẹ̀, mo dorí kodò bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa bẹ àgbà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́. Ó fi ìka méjì gbé àgbọ̀n mi sókè.

"Mi ò rí ọ̀rọ̀ rẹ," ó ní.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rí, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ ni èèyàn máa ń wò. Èmi ní láti gbé ojú sókè, kí n wo ojú rẹ̀, kí n la ẹnu dáadáa, kí n sì rọra sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: pé mi ò gbọ́ ojú kejì, pé àwọn onígìtá ni mo ń gbọ́, pé mo tún parọ́ nínú ọkọ̀. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ti àkọ́kọ́ ti yé e. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní kí n lọ ṣí ìsọ̀ lọ́la.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ìjọ fúnra rẹ̀ dé. Ó wọ sùtánà funfun, ó di ọ̀pá mú, Olú sì ń tì í lẹ́yìn. Àwọn èèyàn ti ń péjọ sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n rò pé ó wá ṣépè fún wa ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ìsọ̀, ní gbangba, ó ní kí Ọ̀gá lu àwo yẹn fún òun. Olú ní ṣé ojú kìíní. Ó ní rárá, ojú ẹmu ni.

"Màmá, àwọn ará ìjọ ń wò yín o," Olú wí.

"Kí wọ́n wò mí dáadáa," ó ní. Ó yíjú sí Ọ̀gá, ó rọra ń sọ̀rọ̀ kí ó lè fojú gbọ́ ọ. "Kí n tó mọ àdúrà, ìyàwó adẹ́mu ni mí. Ọkọ mi àkọ́kọ́. Ìdájí ló máa ń gun ọ̀pẹ, á máa kọrin lókè, èmi á máa dáná nísàlẹ̀. Bí mo bá ti ń gbọ́ orin, mo mọ̀ pé kò tíì já bọ́. Lọ́jọ́ kan, mi ò gbọ́ orin mọ́." Ó tún ọ̀pá rẹ̀ dì mú. "Ìlù tó ń lọ́ra báyẹn ló máa ń fẹnu lù. Láti ìgbà tí mo ti sin ín, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́, àfi ní ọjọ́ ìdúpẹ́ mi. Ọma mi, mi ò ní mu ẹmu o. Orin rẹ̀ ni mo ní kí o lù."

Ọ̀gá lù ú. Ìyá Ìjọ gbọ́ ọ tán pátápátá, wòlíì, agbè àti gbogbo rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ jẹ́jẹ́, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tó wá wo ìran rọra túká. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún fi Ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́ létí mi, torí ta ni yóò dẹ́bi fún ohun tí Ìyá Ìjọ fara mọ́? Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwọn oníbàárà padà wá, wọ́n tún pọ̀ sí i.

Èmi nìkan ni nǹkan kò padà bọ̀ sípò fún. Láràárọ̀, Ọ̀gá á jókòó, á kí mi, á ní kí n gbálẹ̀. Kò bi mí ní ohun tí mo gbọ́ mọ́. Èmi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìbéèrè yẹn dópin wá ń dúró níwájú rẹ̀ láràárọ̀, mo ń retí rẹ̀. Nígbà tí oníbàárà bá dé, ohun tó wà lára páálí ló ń kà fún wọn. Mo ń sunkún lẹ́yìn ìsọ̀, mi ò ní purọ́ fún yín.

Àárín ìgbà yẹn ni kásẹ́ẹ̀tì gbòde. A ra ẹ̀rọ kan tó ń gba orin láti inú àwo sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sì ní gíláàsì kékeré méjì tí ọwọ́ tín-ín-rín kan ń jó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí orin bá ń lọ. Ọ̀gá fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn bí ọmọ. Orin tó ṣeé fojú rí! Ó lè jókòó tì í láti àárọ̀ dọ̀sán, á máa wo ọwọ́ méjèèjì, á máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń jó kì í sọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú orin, òun náà sì mọ̀. Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, sídì dé, ìyẹn náà lọ, fóònù wá kó gbogbo wa nílẹ̀. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ tí irinṣẹ́ rẹ̀ kò ní yí padà, ẹ máa wá a lọ. Èyí tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó bá mọ orin tó yẹ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ kì í ṣàìjẹun, ìbáà jẹ́ inú àwo ni orin wà tàbí inú kásẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n mo fi ọ̀rọ̀ èmi àti Ọ̀gá sílẹ̀. Ó lé ní ọdún kan tí kò fi bi mí ní nǹkan kan. Ó kù díẹ̀ kí ọdún mẹ́rin mi pé, kí n ṣe fírídọ̀mù, nígbà tí oníṣòwò kan ti Àkúrẹ́ gbé àwo tuntun dé. Ọ̀dọ́ ni, ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì ń kánjú. Bàbá onígbàjámọ̀ àti ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe jókòó níwájú ìsọ̀ wa bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Oníṣòwò gbé àwo kan sí ẹ̀rọ, ó yí ohùn ẹ̀rọ sókè, ó ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ bó ṣe dùn. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ọ?"

Gbogbo Òdòde ló mọ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀gá kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí, mo gbọ́ pé kò sọ ọ́ nínú ilé rẹ̀ pàápàá. Orí ló máa ń mì bí wọ́n bá bi í ní irú ìbéèrè yẹn. Lọ́jọ́ náà, kò mi orí.

"Èmi kì í gbọ́ràn, ọma mi," ó ní, ohùn rẹ̀ dé òdìkejì ọ̀nà. "Ẹ̀tù ló gba etí lọ́wọ́ mi." Ó nàka sí mi níbi tí mo ti ń nu àwo. "Etí mi ló jókòó yẹn. Òun ni kí o bi."

Bàbá onígbàjámọ̀ wo ilẹ̀. Oníṣòwò yíjú sí mi, ó ní kí n tètè sọ ọ́, ọkọ̀ ń dúró de òun. Mo dìde, mo gbé abẹ́rẹ́ padà síbẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ojú kìíní tán. Mo yí i padà, mo gbọ́ ojú kejì títí abẹ́rẹ́ fi ń ha inú àwo lásán, oníṣòwò ń pòṣé, awakọ̀ rẹ̀ ń fọn fèrè ọkọ̀. Ọ̀gá fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi, ó jókòó, ó tẹjú mọ́ ẹnu mi. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un, ó sì gbà mí gbọ́.